Ṣáásì Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Tò: Àsọyé Lórí Fífi Idẹ Kọ́ Àwòṣe Ẹ́ńjìnnì Reluwé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń fi idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà nínú páálí kọ́ àwòṣe ẹ́ńjìnnì reluwé, irú èyí tó ń fi oru omi ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un. Iṣẹ́ náà gbòòrò, àsìkò wa ò sì tó nǹkan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: nínú àwọn àwòṣe tí wọ́n kọ́ tán tí kò rìn, lábẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti bàjẹ́, kì í ṣe lókè. Bọ́ílà tó ń dán, símínì tó gún régé, ilé awakọ̀ tí ìṣó kéékèèké tò sí lára, àwọn ló ń wu ojú. Àmọ́ ṣáásì tí ẹnikẹ́ni kì í wò ló ń pinnu bóyá ohun tẹ́ ẹ kọ́ máa rìn tàbí á kàn jókòó sórí pẹpẹ. Ìdí nìyẹn tí n ó fi pẹ́ lórí ṣáásì, tí n ó sì sáré kọjá lórí ọ̀dà. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọ̀dà ló tìtorí rẹ̀ wá, kó foríjì mí.

Ẹni tó bá ṣí páálí náà fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní bá ohun tó jọ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Awẹ́ idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta ló máa bá, tí gbogbo ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tẹ́ pẹrẹsẹ sí lára wọn, tí ọwọ́ tín-ín-rín tín-ín-rín so ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mọ́ etí awẹ́ náà kó má baà já bọ́. Kì í sábà nípọn tó ìdajì mìlímítà. Wọn ò fi ọ̀bẹ gé e, omi ferric chloride ló jẹ ẹ́. Wọ́n á fi oògùn tí ìmọ́lẹ̀ máa ń mú gan bo ojú idẹ méjèèjì, wọ́n á gbé àwòrán àwọn ẹ̀yà náà lé e, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ibi tí oògùn ò bá gan sí, wọ́n á fọ̀ ọ́ dànù, omi náà á sì jẹ idẹ ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ lójú méjèèjì máa jẹ já. Ibi tí wọ́n bá ṣí lójú kan ṣoṣo, ìdajì ló máa jẹ dé.

Ìdajì-ìjẹ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Òun ni wọ́n fi ń fa ìlà síbi tẹ́ ẹ ti máa ṣẹ́ idẹ, òun náà ni wọ́n fi ń sàmì ìṣó sẹ́yìn ẹ̀yà, kẹ́ ẹ lè fi ṣóńṣó irin tẹ̀ ẹ́ títí orí ìṣó á fi yọ gọngọ níwájú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣẹ́ idẹ lójú ìlà yẹn, ẹ jẹ́ kí ìlà náà wà nínú igun, kó má ṣe wà níta. Ẹ ṣẹ́ ẹ tán, ẹ da lẹ́ẹ̀dì díẹ̀, ìyẹn irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti fi so idẹ pọ̀, sínú rẹ̀ kó lè lágbára, torí ìdajì idẹ ló kù níbẹ̀.

Àwọn awẹ́ kan jẹ́ idẹ tí gbogbo wa mọ̀, àdàlù bàbà àti síńkì. Àwọn mìíràn funfun: bàbà, níkẹ́lì àti síńkì ni wọ́n pò pọ̀, kò sí fàdákà kankan níbẹ̀ bó ti wù kó dán tó. Tó bá jẹ́ tèmi, idẹ funfun ni mo fẹ́ fún ṣáásì àti àwọn ọ̀pá, torí ó le, lẹ́ẹ̀dì máa ń dì mọ́ ọn dáadáa, tí ọ̀dà bá sì họ lára rẹ̀, irin ló máa jọ. Yàtọ̀ sí àwọn awẹ́ yìí, ẹ ó tún bá ẹ̀yà dídà nínú ọ̀rá kékeré: símínì, orí bọ́ílà, àwọn àpótí kéékèèké. Tánganran, òjé àti antimony ni wọ́n yọ́ pọ̀ dà sínú móòdù. Wọ́n rọ̀, wọ́n wúwo, iná tí kò tó nǹkan ló sì ń sọ wọ́n di omi lójú ẹni.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ò ní gbà wá lásìkò. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jùlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ bàtà kan lára ẹ́ńjìnnì gidi di 4 mm lára àwòṣe, ìyẹn 1:76. Ojú irin gidi fẹ̀ ní 1,435 mm, tẹ́ ẹ bá pín in, 18.83 mm ló máa jẹ́. Àmọ́ 16.5 mm ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, torí nígbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, mọ́tò iná ìgbà náà ò wọ inú ẹ́ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì tó kéré, ni wọ́n bá mú kí ara ọkọ̀ tóbi díẹ̀ sí i, wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn olóríkunkun kan wà tí wọ́n ní 18.83 làwọn máa lò dandan, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹni tí kò tíì kọ́ ọ̀kan rí, kó lo 16.5, kó má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyà. Tí ojú yín ò bá ríran kedere mọ́, ẹ lọ sí 1:43.5 tó ń rìn lórí ojú irin 32 mm. Ìka ọwọ́ máa ń rí àyè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ó yá, iná. Lẹ́ẹ̀dì ló ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí tánganran kó ìdá 60 nínú 100 rẹ̀, tí òjé kó 40, máa ń yọ́ tán ní nǹkan bíi 188 °C. Òmíràn wà tó ń yọ́ ní 145. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀yà dídà ń yọ́ ní 70 péré, omi tí kò tíì hó gan-an lè yọ́ ọ. Ẹ fi èyí tó ń gba iná jù bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀. Ìdábùú ṣáásì tẹ́ ẹ fi 188 jó kò ní tú nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi 145 lẹ nǹkan tín-ín-rín mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó bá wá kan ẹ̀yà dídà, ẹ mọ̀ pé lẹ́ẹ̀dì 70 kì í fẹ́ dì mọ́ idẹ lásán. Ẹ kọ́kọ́ fi 145 pa ojú idẹ náà lára, kó tutù, kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀yà dídà lé e pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì 70.

Ìbẹ̀rù iná ló ń dààmú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á lọ ra irin ìjólẹ́ẹ̀dì tí agbára rẹ̀ ò ju ti ohun ìtúnrédíò lọ, wọ́n á fi kan idẹ, wọ́n á dúró, wọ́n á dúró. Idẹ máa ń gbé ooru sá lọ. Kí ojú ibi tí wọ́n ń jó tó gbóná, gbogbo ara ẹ̀yà náà ti gbóná, èyí tí wọ́n ti jó lánàá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Irin tó lágbára, 50 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí orí rẹ̀ fẹ̀, òun ló ń dáàbò bo iṣẹ́: ó wọlé, lẹ́ẹ̀dì ṣàn, ó jáde, kí ẹ̀gbẹ́ kejì tó gbọ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kán omi fúlọ́ọ̀sì sójú ibẹ̀ ṣáájú, èyí tí wọ́n fi phosphoric acid ṣe. Lẹ́ẹ̀dì á sáré tẹ̀ lé omi náà wọnú àlàfo tí ojú ò rí. Omi yìí kan náà ń dá ìpẹtà sí irin tí wọ́n bá gbé sítòsí, nítorí náà ẹ máa gbé fáìlì àti ẹ̀mú yín jìnnà, kẹ́ ẹ sì fi omi àti ọṣẹ fọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó lọ sùn. Ẹ ṣí fèrèsé. Òjé ò dára nínú ara, cadmium tó wà nínú àwọn lẹ́ẹ̀dì 70 kan tún burú jù ú lọ. Ẹ má jẹun lórí tábìlì yẹn.

Ṣáásì fúnra rẹ̀ jẹ́ pátákó idẹ méjì tó dúró lóòró, ọ̀tún àti òsì, tí ìdábùú mẹ́ta tàbí mẹ́rin là wọ́n láàárín. Ẹ kán lẹ́ẹ̀dì bín-ín-tín sí igun kan lára ìdábùú kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sórí gíláàsì nípọnnípọn, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń mì, ó ti lọ́. Ẹ fi iná kan ibi tẹ́ ẹ kán, á sì padà sípò fúnra rẹ̀, torí pé idẹ ò fẹ́ lọ́, ẹ̀yin lẹ lọ́ ọ. Ìgbà tí kò bá mì mọ́, tí igun ìwọ̀n sì jẹ́rìí pé ó dúró ṣánṣán, ni kẹ́ ẹ tó da lẹ́ẹ̀dì yí ibẹ̀ ká.

Ohun tó ń bọ̀ yìí ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ẹ́ńjìnnì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà ní ásù mẹ́ta, ìyẹn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá ìsopọ̀ kan fi píìnì kọ́ ara àwọn ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n lè jọ máa yí. Àlàfo tó wà láàárín ihò ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ bá àlàfo tó wà láàárín àwọn ásù mu. Tí wọ́n bá fi ìdá mẹ́wàá mìlímítà ju ara wọn lọ, ẹsẹ̀ á há. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jó búùṣì ásù, ìyẹn òrùka tí ásù ń yí nínú rẹ̀, mọ́ ṣáásì ná, wọ́n á wá máa wá bí ọ̀pá ṣe máa bá a mu. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń tì bọ̀. Ọ̀pá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Awẹ́ méjì ni wọ́n sábà ń pín in sí, tẹ́ ẹ máa jó pọ̀ léra wọn. Ẹ ki igi ìtayín tàbí irin tí lẹ́ẹ̀dì kì í mú bọ inú ihò wọn kí méjèèjì lè wà lójú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ásù ìdíwọ̀n, irin gígùn tí ara rẹ̀ jẹ́ 3.175 mm bíi ti ásù gidi ní ìwọ̀n 4 mm, tí orí rẹ̀ méjèèjì sì tín-ín-rín tó ihò ọ̀pá. Ẹ ti ásù ìdíwọ̀n náà bọ inú búùṣì tẹ́ ẹ kò tíì jó, ẹ gbé ọ̀pá kọ́ orí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ọ̀pá fúnra rẹ̀ sọ ibi tí búùṣì máa jókòó sí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ jó o mọ́.

Àwọn kan ò fẹ́ kí ásù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan pa. Wọ́n ní ojú irin ò tẹ́jú, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Tí ẹsẹ̀ mẹ́fà bá gan, tí ojú irin wá rí gbágungbàgun, ẹsẹ̀ kan tàbí méjì á gbé sókè, àwọn ẹsẹ̀ yìí ló sì ń gba iná láti ojú irin. Ọ̀nà àbáyọ ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ẹ jẹ́ kí ásù ẹ̀yìn gan, ìyẹn fún wa ní ààrò méjì, ọ̀tún àti òsì. Ẹ wá fi ọ̀pá kan sáàárín ṣáásì, tó gun ẹ̀yìn ásù iwájú àti ti àárín, tó kọ́ mọ́ ṣáásì láàárín, tó sì ń mì níbẹ̀ bí ìwọ̀n. Ibi tó ti ń mì yẹn ni ààrò kẹta. Bí ásù kan ṣe ń gòkè, ìkejì ń sọ̀, gbogbo ẹsẹ̀ á sì máa fọwọ́ kan ojú irin. Tẹ́ ẹ bá ṣe báyìí, ọ̀pá ìsopọ̀ ò lè jẹ́ ẹyọ gbọọrọ kan mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní oríkèé nítòsí píìnì àárín, bí ti ẹ́ńjìnnì gidi náà ṣe ní in.

Ẹ wo píìnì yẹn dáadáa. Lára ẹ́ńjìnnì reluwé tó ń fi oru omi ṣiṣẹ́, tó sì ní sílíńdà méjì, píìnì ẹsẹ̀ ọ̀tún kì í dojú kọ ibi tí ti òsì dojú kọ. Tí ọ̀tún bá wà lókè téńté, òsì á wà níwájú tàbí lẹ́yìn, ìdá mẹ́rin ìyípo, 90°. Kí ló fà á? Písítìnì, ìyẹn irin tí oru omi ń tì nínú sílíńdà, ń lọ, ó ń bọ̀ lórí ìlà tààrà. Ìgbà méjì nínú ìyípo kan, ọ̀pá, píìnì àti àárín ẹsẹ̀ máa ń tò sórí ìlà kan náà. Lásìkò yẹn, bó ti wù kí oru omi tì í tó, ásù ló ń tì, kò lè yí i. Ẹ́ńjìnnì tí Richard Trevithick gbé sórí irin ní Penydarren, ní Wales, lọ́dún 1804, sílíńdà kan ṣoṣo ló ní; ó wá gbé àgbá ràgàjì kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ipá yíyí rẹ̀ máa ń gbé e kọjá ibi ìhá yẹn. Nígbà tó fi máa kan ẹ́ńjìnnì Rocket, èyí tí Robert Stephenson àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé lọ síbi ìdíje Rainhill lọ́dún 1829, sílíńdà ti di méjì, píìnì wọn sì ti fi 90° yàtọ̀ síra. Ìgbà tí ọ̀kan bá há, ìkejì á wà níbi tó ti lágbára jù.

Ẹnì kan á ní mọ́tò iná ló ń yí àwòṣe, oru omi ò sí níbẹ̀, kí wá ló kàn wá? Ó kàn wá gan-an. Ásù kan ṣoṣo ni mọ́tò sábà ń yí, ọ̀pá ìsopọ̀ ló sì ń gbé ipá náà dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Tí píìnì ọ̀tún àti òsì bá dojú kọ ibì kan náà, wọ́n á jọ há lẹ́ẹ̀kan náà, ásù kejì ò sì ní mọ̀ bóyá iwájú tàbí ẹ̀yìn lòun máa yí sí. Ó lè yí sẹ́yìn nígbà mìíràn. Ẹ wá gbọ́ èyí tí kì í sábà hàn nínú ìwé ìlànà inú páálí: kò pọn dandan kí igun náà jẹ́ 90° géérégé. Ìwọ̀n 88 á rìn, 92 náà á rìn. Ohun tó pọn dandan ni pé kí ásù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní igun kan náà. Ẹni tó ní ásù méjì ní 90 géérégé, tí ẹ̀kẹta wà ní 87, òun ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa tiro. Lára ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́ta bíi Mallard, tó sáré dé 203 km láàárín wákàtí kan ní July 3, 1938, 120° ni wọ́n lò, ẹni tó bá ń kọ́ irú ẹ̀ kó rántí.

Ẹ má so ásù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ọ̀pá so méjì, kẹ́ ẹ fi ìka yí i jẹ́jẹ́. Níbi tó bá ti ń lọ́ra, ẹ dúró, ẹ wo ibi tí píìnì wà. Ó lè jẹ́ igun ẹsẹ̀ kan ló yẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i díẹ̀ lórí ásù. Tó bá jẹ́ ihò ọ̀pá ló há, ẹ fi rímà, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń fẹ ihò, gbà á lẹ́ẹ̀kan péré, kẹ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó tún gbà á. Ihò tó bá fẹ̀ jù kò ṣeé dín mọ́. Ìgbà tí méjì bá ń yí wẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ẹ̀kẹta kún un. Kó tó di pé mọ́tò dé, ẹ gbé ṣáásì sórí gíláàsì, kẹ́ ẹ gbé orí kan gíláàsì náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ṣáásì tó dára máa ń yí lọ fúnra rẹ̀ láìfà láìtì. Èyí tí kò bá lọ, mọ́tò ò ní wò ó sàn, àríwo ni mọ́tò máa fi bo àìsàn náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jíà rọrùn tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀. Ẹsẹ̀ gidi tó ga ní 1.52 m di 20 mm ní ìwọ̀n yìí, ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 63 mm. Kí àwòṣe tó dà bí ohun tó ń sáré 48 km láàárín wákàtí kan, ẹsẹ̀ á yí bíi ìgbà mẹ́ta dín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí jíà bá jẹ́ 50 sí 1, ìyẹn pé mọ́tò á yí nígbà 50 kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan, mọ́tò á yí bíi ìgbà 8,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Fún ẹ́ńjìnnì ẹrù tàbí ti ọgbà reluwé, mi ò ní lo ohun tó bá kéré sí 40 sí 1, torí rírìn jẹ́jẹ́ ló ń jẹ́ kí àwòṣe dà bí ohun tó wúwo. Iná náà, 12 volt ló sábà ń jẹ́: ojú irin ọ̀tún gbé ẹ̀gbẹ́ kan iná náà, òsì gbé ìkejì, wáyà phosphor bronze tín-ín-rín á sì máa fara ra ẹ̀yìn ẹsẹ̀ láti gbà á. Kí wáyà yẹn má tẹ ẹsẹ̀ jù, kò gbọdọ̀ di bíréèkì.

Ara ọkọ̀ ló kù. Ibi tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀ ni yíyí bọ́ílà látinú idẹ pẹlẹbẹ. Ẹ gbé idẹ náà lé rọ́bà tó rọ̀, ẹ gbé ọ̀pá irin mìnìjọ̀ lé e, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ máa yí ọ̀pá lọ, yí i bọ̀. Idẹ máa ń ta padà, nítorí náà ọ̀pá tẹ́ ẹ máa lò gbọ́dọ̀ kéré sí bọ́ílà tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ yí i ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ là á padà. Àwọn kan máa ń fi iná sun idẹ náà títí á fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè rọ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, torí idẹ tó ti rọ̀ máa ń gba gbogbo àmì ìka ọwọ́.

Àwòṣe gbọ́dọ̀ wúwo kó tó lè fa nǹkan, inú bọ́ílà sì ni òjé máa ń wà, kí agbedeméjì ìwúwo náà bọ́ sáàárín àwọn ẹsẹ̀ tó ń tì. Gúlúù funfun tí káfíńtà ń lò fún igi ò gbọdọ̀ kan òjé yẹn o. Ásíìdì tó ń jáde lára gúlúù náà máa ń jẹ òjé, á sọ ọ́ di ẹfun, ẹfun náà á sì máa wú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bọ́ílà tẹ́ ẹ fi ìfẹ́ yí á là sí méjì láti inú wá. Epoxy ni kẹ́ ẹ lò.

Ọ̀dà: ẹ fọ ọ́ mọ́, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń jẹ ojú idẹ díẹ̀ kùn ún ná kí tòkè lè dì í mú, kẹ́ ẹ sì wo fọ́tò ẹ́ńjìnnì náà gan-an lọ́dún tẹ́ ẹ mú, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ bọ́ílà àti símínì lára ẹ́ńjìnnì kan náà bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, ìwé ìlànà kì í sì í sọ gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè kan kù tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀: èwo lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ mú ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tó gbé omi sí ara rẹ̀, tí sílíńdà rẹ̀ wà nínú ṣáásì, kì í ṣe níta. Ọ̀pá ìsopọ̀ nìkan ló máa hàn lóde, ẹ ò sì ní ìdí láti kan písítìnì rárá. Èyí tó ní àwọn ọ̀pá wẹẹrẹ tí Egide Walschaerts ará Belgium gbé jáde lọ́dún 1844 láti máa darí bí oru omi ṣe ń wọ sílíńdà, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tí gbogbo yín fẹ́ràn yẹn, ó ní oríkèé tó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè há. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà kejì.